Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba máàkì nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀, ṣé ó ti yé e?

Ìbéèrè tí olùkọ́ kan fi ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Físíìsì ni mo ń kọ́ ní SS2. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, a parí ẹ̀kọ́ lórí ìmọ́lẹ̀, dígí àti lẹ́ǹsì, mo sì fún àwọn ọmọ ní ìdánwò. Wọ́n ṣe dáadáa, púpọ̀ nínú wọn ló yanjú ìṣirò lẹ́ǹsì láìṣì. Lọ́jọ́ tí a ń ṣe àtúnyẹ̀wò, mo kàn bi wọ́n pé bí mo bá fi páálí bo ìdajì lẹ́ǹsì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwòrán àbẹ́là tí lẹ́ǹsì náà gbé sórí bébà? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ló dáhùn pé ìdajì àwòrán yóò parẹ́. Ẹnu yà mí. Ṣé wọ́n jí ìwé wò nínú ìdánwò ni, àbí ìbéèrè mi ló ní ẹ̀tàn nínú? Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó yé wọn gan-an, nígbà tí wọ́n lé ní ọgọ́ta nínú kíláàsì kan, tí a kò sì ní yàrá práktíkà tó ṣe é lò? Ṣé kí n fagi lé máàkì tí mo ti fún wọn ni?”

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa, ẹ sì kú àròjinlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ bi àwọn ọmọ náà lójijì ti sọ ohun tí odindi ìdánwò tẹ́ẹ̀mù kò sọ fún yín, ohun tó sì ń kọ yín lóminú ni pé ẹ kò mọ èwo nínú méjèèjì ni kí ẹ gbà gbọ́. Èrò tèmi ni pé kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ìdánwò yín wọn nǹkan kan, ó sì wọ̀n ọ́n dáadáa: ó wọn bóyá ọmọ lè fi nọ́ńbà sínú fọ́múlà kí ó sì yanjú rẹ̀. Ìbéèrè orí páálí wọn nǹkan mìíràn, ìyẹn ohun tí ọmọ náà gbà pé ìmọ́lẹ̀ ń ṣe láàárín àbẹ́là, lẹ́ǹsì àti bébà. Ọmọ kan náà lè mọ èkíní dójú àmì kí ó má sì ní òye èkejì rárá, bẹ́ẹ̀ èkejì yìí ni mo gbà pé ó yẹ kí a máa pè ní òye ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìwé jíjí wò kúrò nílẹ̀. Ọmọ tó bá jí ìwé wò lè gba máàkì tí kò tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè mú kí odindi kíláàsì pa ẹnu pọ̀ sórí àṣìṣe kan náà lójijì, láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Nígbà tí ọgọ́ta ọmọ bá ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, kì í ṣe pé wọn kò ronú. Wọ́n ronú, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà ronú. Àṣìṣe yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ yín. Ní ọdún 1987, Fred Goldberg àti Lillian McDermott tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n ti gbé gílóòbù, lẹ́ǹsì àti ojú funfun kan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì bi wọ́n ní irú ìbéèrè tí ẹ bi àwọn ọmọ yín yìí. Púpọ̀ nínú wọn, títí kan àwọn tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ kọjá, ló sọ pé ìdajì àwòrán yóò lọ. Nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ lẹ́ǹsì kúrò pátápátá, àwọn kan dáhùn pé àwòrán yóò ṣì wà níbẹ̀, pé kò kàn ní dorí kodò mọ́ ni. Àwọn ọmọ yín kò ya ọ̀dẹ̀, iṣẹ́ yín náà kò sì já sófo. Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti máa ń fi ara pamọ́ fún èèyàn níbi gbogbo ni ẹ̀yin náà dé.

Ìbéèrè yín kò sì ní ẹ̀tàn nínú. Ìbéèrè ẹlẹ́tàn ni èyí tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ tàbí tó bèèrè ohun tí a kò kọ́ ọmọ, tiyín kò sì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ wá fi wé irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò wa: a gbé nǹkan kan sí iwájú lẹ́ǹsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 30, f lẹ́ǹsì náà, ìyẹn bí ibi tó ń kó ìmọ́lẹ̀ tó lọ gbọọrọ jọ sí ṣe jìnnà sí i tó, sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, níbo ni àwòrán yóò wà? Ọmọ á kọ 1/f = 1/u + 1/v (u ni bí nǹkan náà ṣe jìnnà sí lẹ́ǹsì tó, v ni bí àwòrán ṣe jìnnà sí i tó), á yọ 1/30 kúrò nínú 1/20, á rí 1/60, á sì kọ sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀. Ó gba máàkì kíkún. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ìṣirò yìí, kò sí ibì kan tó ti di dandan kí ó ronú nípa ìmọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀sítọ̀ méjì tí a so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná lè yanjú rẹ̀ láìtíì fojú kan lẹ́ǹsì rí láyé, nítorí bákan náà ni ìdá méjèèjì ṣe rí lórí bébà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un, pé a fi páálí bo ìdajì òkè lẹ́ǹsì náà, kí ọmọ sọ ibi tí àwòrán yóò wà nísinsìnyí àti ohun tí yóò yàtọ̀ nínú rẹ̀, ìṣirò kò lè gbà á mọ́. Ìdáhùn ni pé sẹ̀ǹtímítà 60 náà ni, odindi ni yóò sì wà, àfi pé kò ní mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.

Kí ló fà á tí ìdáhùn yìí fi ṣòro gbà? Nígbà tí mo bá jókòó ti ọmọ kan tí mo ní kí ó sọ ohun tó rò, kí ó má bẹ̀rù pé mo fẹ́ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé àwòrán jẹ́ odindi nǹkan kan tó kúrò lára àbẹ́là, tó rìn dé lẹ́ǹsì, tí lẹ́ǹsì dá a dorí kodò, tó sì lọ bà lé bébà. Lójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lẹ́ǹsì dà bí ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ń gbà kọjá: bí a bá ti ìdajì ilẹ̀kùn, ìdajì ẹrù ni yóò wọlé. Èrò yìí bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó gbà pé odindi ni àwòrán ń rìn. Ohun tí kò tíì yé e ni pé kò sí àwòrán kankan tó ń rìn. Láti ibi kọ̀ọ̀kan lára ọwọ́ iná náà, bó ti wù kí ibẹ̀ kéré tó, ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde lọ sí gbogbo ìhà. Lára èyí tó jáde láti ṣóńṣó ọwọ́ iná, díẹ̀ bọ́ sí òkè lẹ́ǹsì, díẹ̀ bọ́ sí àárín rẹ̀, díẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀, lẹ́ǹsì sì darí gbogbo wọn sí ojú kan ṣoṣo lórí bébà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìdí ọwọ́ iná àti fún gbogbo ibi tó wà láàárín. Bí a bá bo ìdajì òkè, ìdajì ìsàlẹ̀ ṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ láti gbogbo ibi lára iná náà, kò sí apá kan tó pàdánù. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí ó dé ojú kọ̀ọ̀kan ni kò dé. Bí ẹ bá ń wá ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó máa fi ìdánwò yín wá kiri lọ́kàn àwọn ọmọ, òun nìyí: ṣé ọmọ yìí ti gbà pé láti ibi kọ̀ọ̀kan lára ohun tí a ń rí ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde lọ sí gbogbo ìhà, tí a sì ń rí nǹkan nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ ojú wa? Gbogbo ìyókù, láti orí òjìji títí dé orí awò tí a fi ń wo ohun jíjìnnà, lórí ìyẹn ni ó dúró.

Àwa olùkọ́ náà lọ́wọ́ nínú bí èrò òdì yẹn ṣe ń pẹ́ lọ́kàn wọn. Nígbà tí a bá ń ya lẹ́ǹsì sójú pátákó, ìtànṣán méjì tàbí mẹ́ta péré ni a máa ń fà: èyí tó lọ gbọọrọ kí ó tó tẹ̀ sí ibi f, èyí tó gba àárín lẹ́ǹsì kọjá láìtẹ̀, àti bóyá èyí tó gba f ìhà ìhín wá. A fà wọ́n nítorí pé wọ́n rọrùn láti fà, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n sì gbà pé ìtànṣán mẹ́ta yẹn nìkan ló ń dá àwòrán. Nígbà tí páálí bá wá dí ọ̀kan lára wọn, ọmọ a ní àwòrán ti bàjẹ́. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni fóònù ṣe ń ya fọ́tò odindi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, nígbà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò tó èékánná ọwọ́. Ìtànṣán tó ti orí òrùlé wá gbọọrọ kò lè kan lẹ́ǹsì yẹn láéláé, síbẹ̀ òrùlé wà nínú fọ́tò. Ìbéèrè tó dára púpọ̀ ni fún ìdánwò, ó sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àríyànjiyàn nínú kíláàsì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé orí lẹ́ǹsì rárá, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi ṣáájú. Ẹ ya àtùpà kan, ìwé kan àti ọmọ kan sórí bébà, kí ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọfà fi hàn bí ọmọ náà ṣe ń rí ìwé náà. Àwọn kan á fa ọfà láti ara àtùpà lọ sórí ìwé, wọ́n á sì dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó bà sí. Àwọn kan á fà á láti ojú ọmọ lọ sára ìwé. Ẹ má fi àwọn wọ̀nyí rẹ́rìn-ín, nítorí Euclid àti Ptolemy, tí wọ́n jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ayé àtijọ́, gbà pé láti ojú ni ìtànṣán ìríran ti ń jáde. Ibn al-Haytham, onímọ̀ kan tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ló jà kíkankíkan fún èrò tó lòdì sí ìyẹn, pé ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ ojú, nínú ìwé ńlá tó kọ lórí ìríran: ó tọ́ka sí i pé ojú máa ń dun ẹni tó bá tẹjú mọ́ òòrùn, ó sì ṣàlàyé pé láti ibi kọ̀ọ̀kan lára nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn lọ sí gbogbo ìhà. Ohun tó gba aráyé ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó yé wọn kò lè yé ọmọ SS2 nítorí pé a kọ ọ́ sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ wa tún ní ìdí kan tó mú èrò òdì náà lágbára. Bí ẹ bá bi wọ́n pé bí èèyàn bá pẹ́ nínú yàrá tí kò sí ìmọ́lẹ̀ rárá, ṣé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ríran díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ohun tí ojú wọn rí nílé nìyẹn: iná lọ, ibi gbogbo ṣókùnkùn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n rí àga àti ilẹ̀kùn. Wọn kò mọ̀ pé òkùnkùn ilé wa kì í pé. Ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń tan iná gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìbéèrè yẹn, ẹ kọ ọ́ kedere pé kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí ẹ tó dá ọmọ lẹ́bi.

Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì gidigidi nínú ìbéèrè dígí. Ẹ sọ pé dígí títẹ́jú kan rọ̀ sára ògiri, ọmọ dúró níwájú rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ láti orí dé ìbàdí. Bí ó bá fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn, ṣé yóò rí ẹsẹ̀ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ á ní yóò rí i, wọ́n á sì sọ ìdí: bí nǹkan bá jìnnà, a máa kéré lójú, nítorí náà ohun tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni dígí yóò gbà. Wọ́n gbàgbé pé bí àwòrán ṣe ń kéré sí i lójú bẹ́ẹ̀ náà ni dígí fúnra rẹ̀ ń kéré sí i. Láti orí dé ìbàdí náà ni yóò máa rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá kọ ọ́ sínú ìbéèrè pé dígí náà dúró ṣánṣán, ọmọ tí dígí ilé wọn fara ti ògiri ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lè jàre yín, nítorí pé bí ó bá rìn sẹ́yìn níwájú irú dígí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń rí lára ara rẹ̀ ń yí padà lóòótọ́. Olùkọ́ tí kò bá ronú kan ìyẹn á fi òdo fún ọmọ tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní báyìí, báwo ni a ṣe ń kọ ìbéèrè tó ń wá òye kiri? Ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí jù ni èyí tí David Treagust, olùkọ́ni kan ní Ọsirélíà, ṣàlàyé ní ọdún 1988: apá méjì ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní. Apá kìíní bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, apá kejì bèèrè ìdí rẹ̀, ọmọ kò sì gba máàkì òye àfi tó bá gba méjèèjì. Àwọn kan tún ti fi apá kẹta kún un, níbi tí ọmọ ti máa sọ bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe dá a lójú tó. Ìwúlò apá kejì hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ páálí wa yìí, nítorí ọmọ lè sọ pé odindi àwòrán ni yóò wà kí ó sì wí pé ìmọ́lẹ̀ yóò rọra yí gba ẹ̀gbẹ́ páálí náà kọjá. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ìdí rẹ̀ kò tọ̀nà rárá. Ìbéèrè alápá kan á fún un ní máàkì, á sì tan olùkọ́ jẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín nípa apá kejì: ẹ má ṣe dá ronú kan àwọn ìdí tí ẹ ó tò sílẹ̀ kí ọmọ mú ọ̀kan níbẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kí wọ́n kọ ìdí tiwọn, ẹ kó àwọn bébà náà jọ, kí ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó ń jẹyọ lemọ́lemọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, bí àwọn ọmọ ṣe sọ ọ́, ni kí ẹ sọ di A, B, D àti E ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àṣìṣe tí olùkọ́ fi orí ara rẹ̀ hùmọ̀ kì í jọ ti ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n féfé á sì mọ̀ pé òun kọ́ ni ìdáhùn láìlo òye kankan.

Bí ẹ bá ti kó bébà jọ, ẹ má kọ́kọ́ wo iye tó gbà á. Ẹ wo bí àwọn tó ṣì í ṣe pín ara wọn. Nínú kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ, tí ìdáhùn mẹ́rin bá wà lábẹ́ ìbéèrè tí gbogbo wọn sì ń méfò lásán, nǹkan bí 15 ni yóò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí irú ìpín bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ fún yín ni pé ẹ̀kọ́ náà kò tíì wọ̀ wọ́n létí rárá. Ṣùgbọ́n bí 45 bá kó jọ sórí ìdáhùn kan tí kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: èrò kan wà lọ́kàn wọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àtúnkọ́ lásán kò sì ní mú un kúrò. Wọ́n á kọ ohun tí ẹ sọ sínú ìwé, wọ́n á sì tọ́jú èrò tiwọn síbi tó wà. Máàkì àròpọ̀ kíláàsì kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín, bẹ́ẹ̀ òun ló sì ń sọ irú iṣẹ́ tó kù láti ṣe.

Ọgọ́ta ọmọ pọ̀ lóòótọ́, mi ò sì ní sọ fún yín pé kò nira. Kíka ìdí tí ọgọ́ta ọmọ kọ gba àkókò, olùkọ́ tó ní kíláàsì mẹ́rin kò sì lè máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ máa lo ìka. Ẹ ka ìbéèrè jáde, ẹ ní kí gbogbo wọn di ojú, kí wọ́n sì gbé ìka kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí igbá àyà wọn gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tí wọ́n mú. Dídi ojú ló ń mú kí ó jẹ́ èrò ọkàn wọn, nítorí bí wọ́n bá ń wo ara wọn, gbogbo wọn á tẹ̀ lé ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní. Ẹ̀yin á wò wọ́n láti iwájú, láàárín ìṣẹ́jú kan ẹ ti mọ ibi tí kíláàsì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọ bíi mẹ́fà, láìṣe pé àwọn tó mọ̀wé jù nìkan ni, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìdí. Kí ìbéèrè yìí wáyé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orí ẹ̀kọ́ náà, láìgba máàkì, kí ó sì tún wáyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti parí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ pa ìrísí rẹ̀ dà: dípò lẹ́ǹsì, ẹ lo dígí oníkòtò tí a bo ìdajì rẹ̀. Ọmọ tó kàn há ìdáhùn orí lẹ́ǹsì sórí á kọsẹ̀ níbẹ̀; ọmọ tó yé á rí i pé bákan náà ni.

Ní ti yàrá práktíkà tí ẹ kò ní, àìsí rẹ̀ kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Mo ti rí yàrá práktíkà tó kún fún lẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ ti wọn u àti v, tí wọ́n fa gíráàfù gẹ́gẹ́ bí WAEC ṣe fẹ́ ẹ, láìsí ẹni kan tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rò pé wọn yóò rí. Bí ọmọ kò bá kọ́kọ́ sọ ohun tó ń retí, ohun tó rí kò ní bá a jà. Ní ọdún 2004, UNESCO bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ghana fún àwọn olùkọ́ físíìsì, tí wọ́n ń pè ní ALOP, David Sokoloff láti yunifásítì Oregon sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Orí ìlànà yìí gan-an ni ètò náà dúró: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó rò sílẹ̀, kí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lé e lórí, kí a tó ṣe é lójú wọn, pẹ̀lú ohun èlò tí kò wọ́n. Wọ́n tún ní ìdánwò òye lórí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń lò ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè lẹ́ǹsì tí a bo ìdajì rẹ̀ sì wà nínú irú èyí tí wọ́n ń bèèrè. Ẹ lè ṣe tiyín pẹ̀lú awò ojú ìkàwé tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Èyí tí wọ́n kọ +2.50 sí lára, lẹ́ǹsì rẹ̀ ní f tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, nítorí pé 1 mítà ni a pín sí 2.50. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àfi ẹyọ kan, ẹ gbé awò náà kọjú sí ìta ní ọ̀sán, kí ẹ sì gbé bébà funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40. Igi àti ilé ìta á hàn lórí bébà, wọ́n á dorí kodò pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀, ẹ gba ìdáhùn gbogbo wọn, kí ẹ tó fi páálí bo ìdajì awò. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò gbé e kọjú sí òòrùn tàbí fi wo òòrùn, nítorí ó lè jó bébà, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Òmíràn tí kò gba kọ́bọ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ roboto tó ń bọ́ sílẹ̀ láàárín ewé: ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tí wọ́n fi rí roboto, nígbà tí àlàfo àárín ewé kò rí bẹ́ẹ̀? Àwòrán òòrùn ni wọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo òòrùn lójú wa ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana, ìrísí dòjé ni irú àmì bẹ́ẹ̀ máa ń gbà nígbà tó bá ku díẹ̀ kí òòrùn bò tán, níbikíbi tí ìkùukùu kò bá ti dí i. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìyẹn ti ní òye tí mò ń wí.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀, mo sì gbà á ní pàtàkì. Nígbà tí ọmọ bá kọ ìdí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì já geere, ẹ kò lè mọ̀ bóyá òye ni kò ní ni àbí ọ̀rọ̀ ló fẹ́ kù díẹ̀ káàtó lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìdánwò òye tí kò wọ inú ìwé máàkì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá wù ú kọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí kí ó ya á. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì, ti fi hàn tipẹ́ pé ọmọ kì í tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ SS2 yín yóò ṣì kọ WAEC ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kò sì lè fojú fo ìyẹn dá, ṣùgbọ́n ẹ nílò láti mọ èwo nínú ìṣòro méjèèjì ni ẹ fẹ́ wò sàn.

Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sọ gbogbo ìdánwò yín di irú èyí. Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé wọn kò ro ti ọmọ tí yóò wọlé ìdánwò àṣekágbá, tí fọ́múlà àti ìṣirò yóò gba ibi púpọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó lóye ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè ṣírò v yóò jìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò lè gbà kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí ìṣirò tí kò ní òye lẹ́yìn kì í pẹ́ gbàgbé. Ohun tí èmi ìbá ṣe ni pé nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kí ìbéèrè méjì jẹ́ alápá méjì, kí ìyókù wà bí ó ṣe wà. Ìdánwò orí bébà náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ lè mú ìdí tó tọ̀nà nítorí pé ó gùn jù, tàbí nítorí pé ó jọ gbólóhùn inú ìwé. Jíjókòó ti ọmọ kan kí a gbọ́ ọ tán ló ń fi òótọ́ hàn jù, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe fún ọgọ́ta. Ẹ fi í mọ fún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní tẹ́ẹ̀mù kan. Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ bí àwọn kan bá tún ṣi ìbéèrè lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà ṣáájú rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìtànṣán mẹ́ta orí pátákó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú mọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Ní ti máàkì tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ẹ má fagi lé e. Àwọn ọmọ náà ṣe ohun tí a ní kí wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Bí ẹ bá gbà á padà, ẹ̀kọ́ tí wọn yóò rí kọ́ níbẹ̀ ni pé sísọ èrò ọkàn ẹni fún olùkọ́ léwu, wọn kò sì ní sọ ọ́ fún yín mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ìdáhùn tí wọ́n fún yín lórí páálí wúlò fún yín, ẹ ra awò ojú ìkàwé kan, kí ẹ sì padà sí ìbéèrè náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, kí ẹ tó wọ orí ẹ̀kọ́ tuntun.